Omi Nínú Etí Ọmọdé: Ọmọ Tí Kò Gbọ́ Kì Í Ṣe Aláìgbọràn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ọmọdé ní Àpéjọ Gbogbogbòò ti Ìjọ

 

Iṣẹ́ tí a rán wa sí yín lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí ibà bá mú ọmọ, ara rẹ̀ yóò gbóná, gbogbo ilé yóò sì mọ̀. Bí ó bá ṣubú tí ó fi ara pa, ẹ̀jẹ̀ yóò sọ fún wa. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ń bẹ tí kì í mú ara gbóná, tí kì í sábà dun ọmọ, tí kò mú ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún jáde, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń jí ọ̀rọ̀ gbé kúrò létí ọmọdé. Omi ni ó ń dúró sí àárín etí, lẹ́yìn ìlù etí, níbi tí ojú wa kò lè tó.

Èdè wa fúnra rẹ̀ fi hàn wá ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣòro. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ pé ọmọ gbọ́ ohùn wa àti pé ó tẹ̀lé àṣẹ wa. Nítorí náà, bí a bá pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni pé aláìgbọràn ni, pé ó kọ etí ikún sí wa. Lẹ́yìn èyí ni pàṣán a tẹ̀lé e. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a ń nà báyìí ni kò ṣẹ̀ wá rárá, tí ó jẹ́ pé ohùn wa ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn? Ìdí nìyí tí a fi ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ lórí omi inú etí, àti lórí ìtọ́jú rẹ̀ tí kò mú ọ̀bẹ dání.

BÍ OMI NÁÀ TI Ń DÉ ÀÁRÍN ETÍ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí Ẹlẹ́dàá ti ṣe etí. Ihò tí a ń rí lóde lọ títí dé ara awọ fẹ́lẹ́ kan tí a ń pè ní ìlù etí. Lẹ́yìn awọ yìí ni yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Egungun kéékèèké mẹ́ta ni ó so kọ́ra wọn nínú yàrá náà. Bí ohùn bá lu ìlù etí, àwọn egungun wọ̀nyí a mì, wọn a sì gbé ohùn náà lọ sí etí ti inú lọ́hùn-ún, láti ibẹ̀ ni iṣan yóò sì ti gbé e lọ sí ọpọlọ.

Yàrá àárín yìí kò ní fèrèsé mìíràn àfi ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo tí ó ti inú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn imú. Orúkọ Bartolomeo Eustachi, oníṣègùn ará Ítálì tí ó kú ní ọdún 1574, ni a fi ń pe ọ̀nà náà títí di òní. Nígbàkúùgbà tí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a bá yán, ọ̀nà yìí a ṣí díẹ̀, afẹ́fẹ́ tuntun a sì wọ inú yàrá lọ.

Nínú àgbàlagbà, ọ̀nà yìí gùn, ó sì dàgẹ̀rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Nínú ọmọdé, ó kúrú, ó há, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà, bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọ, tàbí bí ẹran kékeré tí ń bẹ lẹ́yìn imú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní adenoid, bá wú, ọ̀nà náà a dí. Afẹ́fẹ́ tuntun kò rí ibi wọlé mọ́. Ara ọmọ a fa èyí tí ó kù nínú yàrá mu, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde láti ara ògiri yàrá náà. Omi yìí lè ṣàn bí omi lásán. Ó sì lè ki títí yóò fi dàbí àtè. Àwọn onílù tí ń bẹ láàrin wa mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìlù tí awọ rẹ̀ bá rin: a kàn án, kò dún bí ó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìlù etí tí omi dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èèwọ̀ ni òbí jẹ, tàbí pé ẹnìkan ni ó ń bá ọmọ náà jà. Àwọn oníṣègùn etí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú ìlànà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, sọ pé nǹkan bí ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni irú omi yìí ti ń bá rí kí wọ́n tó dàgbà tó ẹni tí ń lọ sí ilé-ìwé. Láti oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́rin ni ó pọ̀ jù. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ́pọ̀ lè ba nǹkan jẹ́ bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

OHUN TÍ ỌMỌ NÁÀ Ń GBỌ́

Omi inú etí kì í sábà sọ ọmọ di adití pátápátá. Èyí gan-an ni ó ń tan òbí jẹ, nítorí pé ọmọ náà a máa dáhùn nígbà mìíràn. Àwọn onímọ̀ a máa fi désíbẹ̀lì wọn ohùn, bí aláṣọ ti ń fi ọ̀pá wọn aṣọ. Ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ nínú ilé wà ní nǹkan bí 60. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wà ní nǹkan bí 30. Omi inú etí a máa gba nǹkan bí 25 sí 30 lọ́wọ́ ọmọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀yin rò pé ẹ sọ̀rọ̀ ketekete, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni ó ń dé etí rẹ̀.

Àwọn ìró tí ó fúyẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ wa, bí irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ “fọ” àti “sọ,” ni ó ń kọ́kọ́ sọnù. Ìyá ní kí ọmọ lọ fọ igbá. Ọmọ gbọ́ pé kí òun lọ sọ igbá. Ó jù ú sọ́nà, igbá fọ́, ó sì jẹ ìyà. Nínú kíláàsì tí ọmọ àádọ́ta ń pariwo, níbi tí olùkọ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn tí ó ń kọ nǹkan sí pátákó, ohun tí ń dé ọ̀dọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kéré púpọ̀. Bí èyí bá pẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò falẹ̀, ìwé kíkà yóò ṣòro fún un, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa pè é ní òmùgọ̀. Ìgbà tí ọmọ ń kọ́ èdè kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ nìwọ̀nyí. Ọmọ a máa béèrè ní gbogbo ìgbà pé, “Ẹ ní kí ni?” A máa wo ẹnu ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. A máa dáhùn nígbà tí a bá dojú kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ní yíjú. A máa yí ohùn rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n sókè ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má já gaara bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè máa dá jókòó, kí ó máa bínú láìnídìí, kí ó sì máa kọsẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó lè gbọ́ dáadáa lónìí kí ó má gbọ́ lọ́la, nítorí pé bí ọ̀fìnkìn ti ń wá tí ó sì ń lọ ni omi náà ń pọ̀ tí ó sì ń dín. Òbí a ní, “Ó ń gbọ́ nígbà tí ó bá wù ú.” Ẹ̀yin ará, kì í ṣe bí ó ti wù ú, bí omi náà ti wà ni.

Bí a bá rí àwọn àmì wọ̀nyí, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a gbé ọmọ lọ síbi tí a ti lè yẹ etí rẹ̀ wò. Dókítà yóò fi iná wo ìlù etí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà pẹ̀lú tí ń fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti ìlù náà láti mọ̀ bóyá ó ń mì tàbí kò mì, kì í sì í dun ọmọ. Lẹ́yìn náà ni a óò dán ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ wò. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà ní ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú etí ní Kàdúná, ó wà ní UCH ní Ìbàdàn, ó sì wà ní Korle Bu ní Àkrà fún àwọn ará wa ní Gánà.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE ÌTỌ́JÚ

Kí a tó sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe, ó tọ́ kí a sọ ohun tí kò yẹ. A mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí wọ́n bá ní etí ọmọ dí, òróró gbígbóná ni a ń kán sí i. Àwọn mìíràn a fún oje ewé sínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a fi ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná tàbí òwú orí igi wá inú rẹ̀. Ẹ rántí ohun tí a ti sọ: ẹ̀yìn ìlù etí ni omi náà wà. Ohun tí a bá kán sí iwájú ìlù kò lè dé ẹ̀yìn rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí awọ náà kò lu. Bí awọ bá sì lu, ewu ni ohun tí a kán sí i yóò jẹ́. Ìyẹ́ àti igi ìṣáná lè dá ihò sí awọ tí Ọlọ́run dá ní pípé.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń kiri oògùn láti ra kápúsù. Ní ọdún 2023, àjọ tí ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní Ìlú Ọba, tí a ń pè ní NICE, sọ ọ́ gbangba pé kí a má ṣe fi oògùn apakòkòrò, tàbí oògùn ọ̀fìnkìn, tàbí oògùn tí ń mú kí imú là, tọ́jú omi yìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Oògùn tí a ń pè ní steroid pẹ̀lú kò yọ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Wales àti England, a fún àwọn kan nínú ọmọ 389 ní irú oògùn yìí fún ọjọ́ méje, a sì fún àwọn ìyókù ní èyí tí kò ní agbára kankan nínú. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2018, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo oògùn ni wọ́n ń gbọ́ bí ó ti yẹ. Nínú àwọn tí kò lò ó, ó jẹ́ 33. Ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè sọ pé oògùn ni ó ṣe é. Kí ni a wá fẹ́ ná owó ọjà sí?

ÌTỌ́JÚ TÍ KÒ MÚ Ọ̀BẸ DÁNÍ

Èkíní ni ìdúró pẹ̀lú ìṣọ́ra. Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, omi náà yóò gbẹ fúnra rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń ní kí a dúró fún oṣù mẹ́ta, kí a sì tún yẹ etí wò lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i: ìdúró yìí kì í ṣe ìgbàgbé. Kí a kọ ọjọ́ tí a fi rí àmì sílẹ̀, kí a sì padà lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún wa. Àwọn ọmọ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi dúró bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà etí ń tọ́ wọn: àwọn tí àjà ẹnu wọn là láti inú oyún, àwọn tí a bí pẹ̀lú Down syndrome, àti àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ojú ríran ti ń ni lára tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni fífẹ́ afẹ́fẹ́ gba imú wọ àárín etí. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Antonio Valsalva, ará Ítálì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí etí ní ọdún 1704 bí ènìyàn ti lè di imú àti ẹnu mú kí ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí. Ní ọdún 1863, Adam Politzer ti ìlú Vienna fi àpò rọ́bà ṣe é: a ó fi ẹnu àpò náà sí imú ọmọ, a ó ní kí ó gbé omi mì, bí ó sì ti ń gbé e mì ni a ó tẹ àpò náà. Lóde òní, bàlúùnù kan wà fún un, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní fèrè, tí a so mọ́ ohun kékeré kan tí ń wọ ihò imú. Ọmọ yóò fi ìka di ihò imú kan, yóò pa ẹnu dé, yóò sì fi ihò imú kejì fẹ́ bàlúùnù náà títí yóò fi tó ọsàn ńlá. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ti ìhà kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni, fún oṣù kan sí mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ tí ó fi agbára wọlé yìí ni ó ń ṣí ọ̀nà tí ó dí, kí omi lè rí ibi ṣàn jáde.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a dán an wò lára ọmọ 320, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mọ́kànlá, ní ibùdó oníṣègùn 43, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2015. Ní òpin oṣù kan, nǹkan bí 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó fẹ́ bàlúùnù ni àárín etí wọn padà sí bí ó ti yẹ. Nínú àwọn tí kò fẹ́ ẹ, nǹkan bí 36 ni. Ní òpin oṣù mẹ́ta, ó di nǹkan bí 50 àti 38. A kò sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni; ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ ni, kò sì fa ewu púpọ̀. Ohun tí ó gbà ni sùúrù òbí tí yóò jókòó ti ọmọ lójoojúmọ́. Kì í ṣe fún ọmọ tí kò tí ì tó ọdún mẹ́ta, nítorí pé bàlúùnù lè há a lọ́fun. Kì í ṣe fún ọjọ́ tí etí ń dùn ún tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Bàlúùnù ọjà lásán kò sì lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé a kò mọ bí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Kí àgbàlagbà máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí ń ran etí lọ́wọ́. Ọmọ tí omi rẹ̀ kò tètè gbẹ lè lo ẹ̀rọ kékeré tí ń mú kí ohùn ga, tàbí èyí tí a ń dè mọ́ orí tí ń gba inú egungun gbé ohùn lọ sí etí ti inú, tí kò sì ní bá omi pàdé rárá. Bí omi bá gbẹ, a ó bọ́ ọ. Kí a má ṣe tijú rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn ń lo awò. Kí ni ìtìjú nínú ti etí?

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà tí a ń gbà bá ọmọ sọ̀rọ̀, èyí kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí a sún mọ́ ọmọ kí a tó sọ̀rọ̀. Kí a pe orúkọ rẹ̀, kí a dúró títí yóò fi wò wá. Kí a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a má ṣe jágbe, nítorí pé igbe a máa da ọ̀rọ̀ rú. Kí a pa rédíò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú un wá síwájú, sí ìhà tí etí rẹ̀ dára jù. Ẹ má ṣe kọ ẹ̀yìn sí i nígbà tí ẹ bá ń kọ́ni. Ẹ ní kí ó tún ohun tí ó gbọ́ sọ fún yín.

Òótọ́ ni pé omi àwọn ọmọ mìíràn kì í gbẹ pẹ̀lú gbogbo èyí. Fún irú wọn, dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré, kí ó fi ọ̀pá tíntín kan sí ìlù etí kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Kí a má ṣe bẹ̀rù rẹ̀ bí ó bá di dandan. Ohun tí a ń sọ ni pé kì í ṣe ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI DÚRÓ

Ẹ jẹ́ kí a fi ààlà sí i. Bí etí bá ń tú, tí ọyún ń jáde, àìsàn mìíràn ni èyí. Ó gbọdọ̀ dé iwájú dókítà, kí a sì máa jẹ́ kí etí náà gbẹ, kí omi má ṣe wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀yìn etí bá wú tàbí tí ó pọ́n, bí ibà líle àti ìrora bá wà, bí ojú ọmọ bá wọ́ sí ìhà kan, tàbí bí etí bá ṣàdédé dí pátápátá, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Kí a má ṣe sọ pé ó di ọ̀la.

BÍ A TI LÈ DÈNÀ RẸ̀

Kí ìyá fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Kí a má ṣe fi ìgò wàrà sí ọmọ lẹ́nu ní ìdùbúlẹ̀. Kí a má ṣe mu sìgá nínú ilé tí ọmọ wà, kí a sì gbé èéfín igi ìdáná jìnnà sí ibi tí ó ń sùn. Kí a máa fọ ọwọ́, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́ tí ọ̀fìnkìn pọ̀. Kí a gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ pé. Èyí tí ń dènà kòkòrò pneumococcus wà lára wọn. Gánà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2012, Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 2014.

Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, ìjọ àdúrà ni ìjọ wa, a kò sì ní fi àdúrà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbàdúrà fún ọmọ kò sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù nígbà tí ó bá gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọlọ́run tí ó dá egungun mẹ́ta tíntìntín sínú etí ni ó fún ènìyàn ní ọgbọ́n láti mọ ibi tí ọ̀nà gbé dí. Ẹ rántí ọmọdékùnrin Sámúẹ́lì nínú tẹ́ḿpìlì. Nígbà tí kò mọ ẹni tí ń pe òun, Élì kò nà án; ó kọ́ ọ bí yóò ti fetí sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ gbogbo ẹ̀ka. Èkíní, kí olùkọ́ ọmọdé kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó bá padà dé ilé, ṣàkíyèsí ọmọ tí kì í dáhùn, kí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá máa ran òbí tí owó ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ọmọ náà lè dé ilé-ìwòsàn. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù wa fi pàṣán sílẹ̀ ná títí a ó fi mọ̀ dájú pé ọmọ náà gbọ́ ohun tí a wí.

Kí Olúwa ṣí etí àwọn ọmọ wa, kí ó sì ṣí ojú àwa tí a ń tọ́ wọn. Àmín.